Ìyá Ìbejì, ìròyìn Àgbádárìgì rèé

Àgbádárìgì,
Oṣù Kẹjọ, 2025.

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní kí n má fi ohùn dá ọ lóhùn, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe máa ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, kí o lè máa kà á nínú bọ́ọ̀sì bí o bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ó dáa. O mọ̀ mí, n kì í sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Bí bọ́ọ̀sì bá gbé ọ kọjá ibi tó yẹ kí o sọ̀, má dá mi lẹ́bi.

Ìbò káńsù tí o bèèrè, a ti dì í. Tàbí kí n kúkú sọ pé wọ́n ti dì í. Ọjọ́ Sátidé ni, 12 Oṣù Keje. Wọ́n ní kí ọkọ̀ má rìn, nítorí náà títì tó máa ń gbóná fún kẹ̀kẹ́ Márúwá láti ìdájí dákẹ́ rọ́rọ́. Mo wẹ̀, mo wọ bùbá àti ìró, mo mú káàdì mi, mo fẹsẹ̀ rìn dé ibùdó ìdìbò wa létí ilé ìwé. Àwọn òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò jókòó lábẹ́ igi, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ gúgúrú pẹ̀lú ẹ̀pà. Àwọn ọmọdé ti fi búlọ́ọ̀kù méjì-méjì ṣe pósìtì gólù sáàárín títì. Bọ́ọ̀lù wọn á yí wá sábẹ́ tábìlì ìdìbò, ọlọ́pàá á gbá a padà fún wọn. Nígbà tí wọ́n rí mi, inú wọn dùn bí ọlọ́jà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹni tó máa bá a tajà àárọ̀. “Màmá, ẹ káàbọ̀! Ẹ káàbọ̀ o!” Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí orúkọ mi nínú ìwé, kì í ṣe pé èrò pọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wá a ló ń wò ó lábẹ́ lẹ́tà ẹlòmíràn. Mo tẹ̀ka, wọ́n kun èékánná mi ní tàdáwà, mo ju bébà sínú àpótí. Mo gbọ́ bó ṣe balẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Àpótí tí nǹkan bá wà nínú rẹ̀ kì í dún bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, APC gba gbogbo ipò alága 57 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Nínú kánsẹ́lọ̀ 376, ọ̀kan ṣoṣo péré, lápá Yaba, ni PDP rí mú. Àwọn kan ń pariwo ojóró. Èmi ò bá wọn pariwo. Ta ló tún fẹ́ jí ohun tí olóhun fúnra rẹ̀ kò jáde wá mú? Mo bi ọ̀gbẹ́ni tó ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi ìdí tí kò fi jáde. Ó ní ìbò gidi ti parí nínú pálọ̀ àwọn àgbà ẹgbẹ́ kí wọ́n tó gbé àpótí wá síta, pé ẹni tí wọ́n bá ti fún ní tíkẹ́ẹ̀tì ti wọlé. N kò rí èsì fọ̀ sí i. Àmọ́ mo sọ fún un pé bí a kò bá jáde, pálọ̀ náà ni yóò máa yan ènìyàn fún wa títí ayé.

Ohun tó sì dùn mí ni pé ọdún yìí gan-an ló yẹ ká jáde. Ní 11 Oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ l'Ábújá dá ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ pe gbogbo gómìnà 36. Wọ́n ní owó káńsù kò gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́, kí wọ́n máa san án fún káńsù tààrà. Wọ́n tún ní gómìnà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti lé àwọn tí ará ìlú dìbò yàn, kó wá fi ọmọọṣẹ́ tirẹ̀ rọ́pò wọn. Ọdún kan àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn ni ìbò tí mò ń sọ yìí. Owó náà kò tíì máa wọlé tààrà bí wọ́n ṣe wí, àpò tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ń ná ló ṣì ń gbà kọjá. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan yóò jókòó sí ọ́fíìsì káńsù, owó yóò sì máa bá a níbẹ̀. Ta ni yóò bi í léèrè bó ṣe ná an? Èmi àti àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn?

Tiwa l'Ékòó tún díjú ju ti àwọn tó kù lọ. O rántí pé ní 2003, nígbà tí Tinubu jẹ́ gómìnà, wọ́n sọ káńsù 20 di 57. Káńsù Àgbádárìgì kan ṣoṣo di mẹ́ta: tiwa níhìn-ín, Badagry West tí oríkò rẹ̀ wà ní Kankon, àti Olorunda ní Iworo. Ọbásanjọ́ bínú, ó sé owó káńsù Èkó mọ́lẹ̀ ní 2004. Ilé ẹjọ́ sọ lóṣù Kejìlá ọdún náà pé ààrẹ kò láṣẹ láti sé owó náà, àmọ́ wọ́n ní àwọn káńsù tuntun yẹn kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ títí ilé aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Títí dòní, 20 ni ìwé òfin ilẹ̀ wa mọ̀. Owó ẹnì kan wá, ènìyàn mẹ́ta na àwo: alága mẹ́ta, igbákejì mẹ́ta, ọ̀wọ́ kánsẹ́lọ̀ mẹ́ta, mọ́tò àti dẹ́rẹ́bà wọn. Bí ará Iworo bá ka ìwé yìí, á ní ẹnu mi gùn, pé kí káńsù tó sún mọ́ wọn tó dé, ìrìn-àjò gidi ni kéèyàn tó rí akọ̀wé. Òótọ́ ni tirẹ̀ náà.

O bèèrè títì Èkó sí Àgbádárìgì. Ìyá Ìbejì, má bèèrè. Ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ láti Eric Moore dé Okokomaiko ní 2009, pẹ̀lú ojú irin láàárín. Ní 2023 ni ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2, wọ́n ṣì wà lórí èyí tó kù dé Okokomaiko. Láti Àgbárá wá sọ́dọ̀ wa títí dé ẹnubodè Ṣẹmẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ nìyẹn. Alága tí a dìbò fún kò láṣẹ lórí ìkankan nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n orí òun ni gbogbo èpè ń bọ́ sí, nítorí pé òun la lè rí.

Mo tẹ̀lé ọkọ̀ àgbọn lọ sí Mile 2 láìpẹ́ yìí. Kí á tó gbéra, ọmọ ọkọ̀ jókòó sórí àpò àgbọn, ó ń ká igba náírà, igba náírà, ó ń tẹ̀ ẹ́ kó lè tínrín, ó sì ń kì wọ́n sí àárín ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Bí a bá dé ibi tí àwọn aláṣọ ìjọba dí ọ̀nà, dẹ́rẹ́bà kì í dúró, á kàn rọra fà. Ọmọ náà á na ọwọ́ síta láìwo ojú ẹnikẹ́ni, nígbà tó bá fi máa fà á wọlé, owó kan ti kúrò láàárín ìka. A tún lọ síwájú díẹ̀, aláṣọ mìíràn, ìka mìíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ó tún ká òmíràn, a ò sì tíì rí Àgbárá lọ́ọ̀ọ́kán. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Orí àgbọn ni gbogbo owó yẹn ń padà sí. Ẹni tó ra àgbọn kan ní Mile 2 ti san án láìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àlejò tó fẹ́ wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti 1845, tó wà ní Marina wa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Tí a bá ní ká sọ ti iṣẹ́ ńláńlá, orúkọ wa kò tíì dún tó báyìí rí. Títì Sókótó sí Àgbádárìgì, kìlómítà 1,068, ni wọ́n ń ṣe. Èbúté omi jíjìn ńkọ́? Wọ́n ti ń ṣèlérí rẹ̀ ó lé lọ́dún mẹ́wàá. N kò kọ ìkankan nínú wọn o. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ bá wa parí Àgbárá sí Àgbádárìgì, Sókótó á dúró dè wá.

Ẹnubodè Ṣẹmẹ́ ti ṣí láti Oṣù Kejìlá 2020, àmọ́ ọjà kò rí bó ṣe rí kí wọ́n tó tì í ní 2019. Oníbàárà tó ti mọ ọ̀nà ibòmíràn ṣòro pè padà. Ṣé o rántí àṣẹ Oṣù Kọkànlá ọdún náà, pé ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ẹnubodè kò gbọ́dọ̀ gba epo? Wọ́n ṣe é bí ẹni pé gbogbo wa ni fàyàwọ́.

Ọ̀rọ̀ tó gba ẹnu gbogbo ènìyàn báyìí ni ìbò gómìnà 2027. Wọ́n ní ó ti tó àkókò kí gómìnà ti Àgbádárìgì wá. Láti 1967 tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, nínú ẹ̀ka márùn-ún tí wọ́n ń pè ní IBILE (Ikorodu, Badagry tiwa, Ikeja, Lagos Island àti Epe), a ò tíì rí ọmọ wa kan tí wọ́n dìbò yàn sórí àga yẹn. Igbákejì gómìnà la rí, bíi Olúránti Adébùlé, láti 2015 dé 2019, tó ti di sẹ́nétọ̀ báyìí. Àwọn géńdé tó ń jókòó nídìí ayò yóò sì máa pòwe fún ọ: ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo gbà, ó tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n àwa tí a kò lè jáde yan kánsẹ́lọ̀ tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, ṣé gómìnà la fẹ́ yàn?

Ibi tí mo ti nílò rẹ rèé. Àwa ìyálọ́jà ọjà Àgbálátà ṣèpàdé. Gọ́tà ti dí, ilé ìyàgbẹ́ kò ṣeé wọ̀. Koríko orí omi, èyí tó wọ odò wa láti ìhà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ní 1984, ti bo ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń gbé ẹja bọ̀ ń fi ọ̀pá yà á kí wọ́n tó rí ilẹ̀. Wọ́n ní èmi ni kí n kọ lẹ́tà sí alága tuntun, torí pé mo ti ṣe tíṣà rí. Mo sì fẹ́ fi ohun kan kún un: kí káńsù máa lẹ iye tó wọlé àti iye tó ná mọ́ ara ògiri ọjà. Ìyá Ẹlẹ́ja ní alága á sọ pé a pe òun ní olè. Mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀.

O ti sọ fún mi rí pé káńsù yín ní London ń gbé gbogbo ohun tí wọ́n bá ná ju pọ́n-ùn 500 lọ síta, ẹni tí wọ́n san án fún àti iṣẹ́ tó ṣe, kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Jọ̀ọ́, wá ojú ìwé kan bẹ́ẹ̀ fún mi, kí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tí iṣẹ́ gọ́tà tàbí kíkó ilẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́, kó lè yé àwọn ẹgbẹ́ mi. Mo máa so ó mọ́ lẹ́tà náà. A ti fi ìpàdé sí ọjọ́ ọjà Àgbálátà tó ń bọ̀, nítorí náà, má jẹ́ kó di ìgbà tí o bá ráyè.

Bá mi kí bàbá àwọn ìbejì. Sọ fún wọn pé mo ní àdí àgbọn wọn nílẹ̀, ẹni tó máa gbé e dé Ìlú Ọba ni mò ń wá.

Èmi ni,
Ìyá Alágbọn tìrẹ.