Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kí wọ́n gbà, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀

Olóòtú,

Ẹ bá mi bi àwọn ilé ìwòsàn aládàáni wa ní Èkó: kí ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí já mọ́ wa lọ́wọ́ ní Múṣin. Àbúrò ìyàwó mi tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ti ń wúkọ́ fún ohun tó lé ní oṣù kan. Òógùn ń bò ó lóru, ṣòkòtò ò dúró nídìí ẹ̀ mọ́. Nílé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ, kò sẹ́ni tó ní kó wúkọ́ sínú ike. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fà, wọ́n gba owó gọbọi, wọ́n ní kò sí ikọ́ ife lára ẹ̀. Ni wọ́n bá kó oògùn taifọ́ọ̀dù fún un, àfi bí ẹni pé kò tún sí àrùn míì l'Ékòó! Ìgbà tó wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ la sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni wọ́n gbà níbẹ̀, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ikọ́ ife ni. Ní gbogbo àkókò tí ìwé irọ́ yẹn fi wà lọ́wọ́ wa, yàrá kan náà lòun àtàwọn ọmọ kéékèèké jọ ń sùn.

Láti 2011 ni WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kìlọ̀ pé kí wọ́n yé fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń wá ọmọ ogun tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà sọ ẹni tó ní ikọ́ ife. Índíà fòfin dè é ní 2012. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ míì tó wọ́n, tí wọ́n ń pè ní QuantiFERON, kò lè sọ ju pé ara ti bá kòkòrò náà pàdé rí. Kò mọ̀ bóyá ó ń jà lọ́wọ́ tàbí ó sùn. Ó wúlò o, bí dókítà bá fẹ́ fún èèyàn ní oògùn tó ń sọ agbára tí ara fi ń bá àrùn jà di ọ̀lẹ. Ti ẹni tó ń wúkọ́ lọ́wọ́ kọ́ nìyẹn. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni tirẹ̀! Ẹ̀rọ GeneXpert á yẹ̀ ẹ́ wò láàárín wákàtí méjì, á tún sọ bóyá rifampicin, oògùn tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife, ṣì ń ran kòkòrò náà.

Àwọn tó yẹ kó máa bojú tó àwọn ilé ìwòsàn aládàáni dà? Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ gbowó ìwé àṣẹ nìkan la máa ń rí wọn.

Èmi mọ ibi tó ti ń dun àwọn ilé ìwòsàn náà. Ẹ̀jẹ̀ ń mówó wọlé, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ò mú nǹkan kan wọlé. Nítorí náà, kí ìjọba pín ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ilé ìwòsàn aládàáni àti kẹ́mísì. Kí ọlọ́kadà máa yí ká láràárọ̀ láti kó o lọ sí láàbù tó ní ẹ̀rọ, kí wọ́n fi èsì ránṣẹ́ sórí fóònù dókítà. Ilé ìwòsàn tó bá rí aláìsàn kan mú wá, kí ìjọba fún un ní owó díẹ̀, kó má baà rò pé òun pàdánù. Owó yẹn ò tó èyí tí wọ́n máa ná bí ẹni kan bá ti kó o ran gbogbo ilé.

Ẹni tó bá ṣì ń fa ẹ̀jẹ̀ oníkọ́, kí wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Kí wọ́n sì máa pariwo lórí rédíò pé ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò, àyẹ̀wò àti oògùn ọ̀fẹ́ ni.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Múṣin, Èkó