Lọ́wọ́ Ta Ni Sípánà Wà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú àìsinmi. Mo rí àwòrán tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí àwọn ẹnjiníà kan tó yọ̀ǹda ara wọn ti ń ṣí bọ̀hóòlù tuntun fún abúlé kan. Àwọn olóyè wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé ń jó, omi ń tú yàà. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n mo gbé ìwé ìròyìn náà súnmọ́ ojú, mo wò ó títí, mi ò rí ará abúlé kan ṣoṣo tó mú sípánà dání.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé wa ní ilẹ̀ Ìbàràpá. Láyé ọjọ́un, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ Ìbàràpá, sòbìà ló máa ń rántí. Ọmọdé ni mí nígbà tí aràn náà yọ lẹ́sẹ̀ bàbá mi, lásìkò tó yẹ kó máa kọ ebè. Ó ju oṣù méjì lọ tó fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń fi igi wẹ́wẹ́ ká aràn náà jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Inú odò tó ti kó o náà ni àwa ọmọ ṣì ń pọn omi, torí kò sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sòbìà káàkiri Nàìjíríà ní nǹkan bí 1988, wọ́n lé ní 600,000. Ní 2008 la rí ẹni ìkẹyìn, nígbà tó sì di 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ ló lé e lọ, torí kò sí abẹ́rẹ́ rẹ̀. Omi tó mọ́, aṣọ asẹ́, àti àwọn ará abúlé tí wọ́n kọ́ láti máa ṣọ́ abúlé wọn fúnra wọn ló lé e lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ omi fi máa ń ká mi lára.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹgbẹ́ ẹnjiníà kan tí mi ò ní dárúkọ wá bá wa. Ọmọ ìlú wa kan tó wà lókè òkun ló mú wọn wá. Ọmọlúàbí ni wọ́n, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò. Wọ́n gbẹ́ bọ̀hóòlù sí iwájú ọjà, wọ́n gbé táǹkì gorí irin, wọ́n to pánẹ́ẹ̀lì sólà sí i, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. A pa ewúrẹ́ fún wọn. Nígbà tó di oṣù kẹjọ tí wọ́n ti lọ, omi dákẹ́. A ò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ inú ilẹ̀ ló bàjẹ́ ni o, tàbí wáyà, tàbí àpótí kékeré tó wà lára ògiri tí iná pupa ń tàn nínú rẹ̀. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára pátákó títí tí kò fi wọlé mọ́. A wá mẹkáníìkì láti ìlú, ó béèrè bí kànga náà ṣe jìn tó, kò sẹ́ni tó mọ̀. Kí ọdún náà tó parí, àwọn olè ti tú pánẹ́ẹ̀lì lọ. Àwọn obìnrin gbé garawa, wọ́n padà sódò.

Àwa náà jẹ̀bi. Kò sẹ́ni nínú wa tó béèrè ìwé kankan kí wọ́n tó lọ, a ò sì dá owó kankan jọ. Ohun tí alága wa ń sọ ni pé ìjọba á wá tún un ṣe.

Nígbà kejì, àwọn ẹnjiníà mẹ́ta láti Ìbàdàn ló wá, lówó ara wọn, ní ọjọ́ Sátidé tí wọn kì í lọ síbi iṣẹ́. Wọn ò kọ́kọ́ gbẹ́ nǹkan kan. Wọ́n wá jókòó sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ní dandan kí àwọn tó ń pọnmi wà níbẹ̀. Wọ́n béèrè oṣù tí odò máa ń gbẹ, ibi tí màlúù ti ń mu omi, iye garawa tí ilé kan ń lò. Nígbà tí wọ́n na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n rò pé ó dáa, ìyá àgbà kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, bí òjò bá rọ̀, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ẹran máa ń ṣàn gbà." Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ẹ ṣé gan-an, Mà. Ẹ bá wa tọ́ka sí ibòmíràn." Wọ́n sì kó ẹ̀rọ àyẹ̀wò ilẹ̀ wọn lọ síbi tí ìyá tọ́ka sí. Orí àpáta ni ilẹ̀ wa wà, inú pàlàpálá àpáta ni omi máa ń sá pamọ́ sí, àyẹ̀wò yẹn kì í ṣe àṣejù. Oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n gbẹ́ ẹ, torí wọ́n ní omi tí a bá rí nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú jù, kò ní já wa kulẹ̀.

Àwa la yan ẹ̀rọ fúnra wa. Wọ́n ṣàlàyé oríṣi méjì tí a ń fi ọwọ́ fà. India Mark II lágbára, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó tẹ rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo páìpù ló gbọ́dọ̀ jáde. Afridev, tí wọ́n ṣe ní Màláwì àti Kẹ́ńyà láàárín 1980 sí 1990, sípánà kan ṣoṣo ló ń ṣí i. Wọ́n rán wa lọ sí Ìbàdàn kí a lọ wádìí èwo ni a ó rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà. Afridev la mú.

Wọ́n kọ́ ọmọ wa méjì, ọmọkùnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe àti ọmọbìnrin aránṣọ kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, omi bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Ọmọbìnrin aránṣọ yìí ló tú nọ́ọ̀tì, ó ṣí orí ẹ̀rọ, ó ń fa ọ̀pá irin jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkọ́ ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ra. Ó tẹ ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìkọ́ yọ, ó nà án sórí ẹní, ọ̀pá mọ́kànlá. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni rọ́bà róbótó kan wà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti jẹ. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Kò ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ tí omi fi padà dé. Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí.

N200 ni ilé kọ̀ọ̀kan ń dá lóṣooṣù fún àtúnṣe ẹ̀rọ. Mo ń kà á sókè nínú ìpàdé, torí wọ́n ti fẹ́ fi yá ẹnì kan rí, mo kọ̀ jálẹ̀.

Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló sọ fún mi nípa Engineers Without Borders, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tó ń yọ̀ǹda ara wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bernard Amadei ló dá ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 2002, lẹ́yìn tó ti dé San Pablo ní Belize, tó rí àwọn ọmọbìnrin tó ń pọnmi dípò kí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Kánádà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde láti 2008 nípa iṣẹ́ tó kùnà lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn. Ká ní àwọn tó kọ́kọ́ wá bá wa padà wá béèrè ni, à bá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn láìbínú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin àgùnbánirọ̀, ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ máa bọ̀, a ṣì ń fẹ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ bá ẹgbẹ́ ìlú tọwọ́ bọ̀wé kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ dé. Ẹ fi ìwé tó sọ bí kànga ṣe jìn tó sílẹ̀. Ẹ kọ́ ẹni tí kò ní kó lọ sí Èkó lọ́la, ẹ sì padà wá lẹ́yìn ọdún kan, kì í ṣe fún fọ́tò. Ẹ̀yin Olóòtú, nígbà mìíràn tí akọ̀ròyìn yín bá lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí bọ̀hóòlù, ẹ jọ̀ọ́, kó béèrè lọ́wọ́ ta ni sípánà wà. Tiwa ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, lórí ìṣó, pẹ̀lú rọ́bà tuntun méjì nínú ọ̀rá.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abúlé,
Ìbàràpá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́