Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Agbọ́n àti Àpótí Kòkòrò

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àbójútó ọmọ. Ẹ ó jèrè wọn o.

Èsì ìdánwò á tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìṣirò JSS2 kò dára. A ti bá olùkọ́ wọn sọ ọ́. A gba ipò kejì nínú eré sísá. Owó ilé-ìwé kò yí padà, àyàfi ₦1,500 tí mo ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Ó ku ọ̀rọ̀ agbọ́n àti àpótí kòkòrò, ìyẹn àpótí tí àwọn ọmọ ń fi abẹ́rẹ́ to òkú kòkòrò tí wọ́n mú sí fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Òótọ́ ni pé agbọ́n ta ọmọ SS1 méjì lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí wọ́n ti ń mú kòkòrò. Olùkọ́ wà níbẹ̀. A fi yìnyín sí i, a pe ilé wọn lójú ẹsẹ̀, àwọn méjèèjì sì wá síléèwé lọ́jọ́ kejì. Ojú ọ̀kan wú, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kí òbí dúró ní géètì, kó máa pariwo pé à ń rán ọmọ olọ́mọ lọ wá èlò oògùn, ìyẹn ti kọjá àyè. A kì í se kòkòrò, a kì í lọ̀ ọ́.

Ẹ wá wo yínmíyínmí inú àpótí kìíní. Èèpo ìyẹ́ ọ̀tún ni abẹ́rẹ́ gbà wọlé, kí ti òsì lè wà bó ṣe wà fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé pélébé wà lábẹ́ rẹ̀: ibi tí wọ́n ti rí i, ọjọ́, orúkọ ẹni tó mú un. Èyí tí kò bá ní ìwé yẹn, òkú kòkòrò lásán ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà nìyẹn ní Natural History Museum ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní ti London, tí kòkòrò ibẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń dá kòkòrò tó ń ba oko jẹ́ mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn jọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní oko ní Ọ̀dẹ̀dá ẹ ṣáà mọ ojú tí ewé ẹ̀gẹ́ ń rí lọ́wọ́ tata lẹ́ẹ̀rùn.

Láti sáà tó ń bọ̀, olùkọ́ á kọ́kọ́ wá ìtẹ́ agbọ́n kiri kí ọmọ kankan tó jáde, bàtà á sì bo ẹsẹ̀. Ọmọ tí oró kòkòrò kì í bá lára mu, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹni tí òbí rẹ̀ kò bá buwọ́ lù ú á jókòó sí yàrá sáyẹ́ǹsì, á máa kọ ìwé pélébé.

₦1,500 wà fún gíláàsì àti kánfọ̀, nítorí èèrà ti jẹ labalábá mẹ́fà. A ò ní dúnàá-dúrà lórí rẹ̀, a ò sì ní kó àpótí kankan dànù.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé,
Abẹ́òkúta.