Lẹ́tà sí Àkànní lórí àwọn abẹ àtijọ́ tí ó ń rà jọ

Àkànní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ wa kékeré. Ara èmi àti ìyá rẹ le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́ láti Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì wò wọ́n fínnífínní. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ pé o ra abẹ àtijọ́ kan, irú èyí tí a ń ṣí láti inú èèkù rẹ̀ kí a tó fi fá irùngbọ̀n, inú mi dùn, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ tábìlì tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ irin ni o dàgbà sí, kò sì yà mí lẹ́nu pé irin tí a rọ dáadáa ń fà ọ́ mọ́ra. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí tí ọ̀kan ti di odindi àpótí, tí o sì sọ fúnra rẹ pé o kì í lè sùn lálẹ́ bí o kò bá tíì wo èyí tí wọ́n ń tà lọ́jọ́ náà, ó tọ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀.

Èmi kò ní kí o jáwọ́. Ohun tí ó wù ọ́ yìí níyì, ìlú tí o sì ń gbé gan-an ni orísun rẹ̀. Láàárín ọdún 1740 sí 1750 ni Benjamin Huntsman, ẹni tí ń ṣe aago tẹ́lẹ̀, rí ọ̀nà láti yọ́ sítíìlì nínú ìkòkò amọ̀ títí yóò fi ṣàn bí omi, tí ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò yà sọ́tọ̀, tí gbogbo ara irin náà yóò sì dọ́gba. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni a lè pọ́n títí ẹnu rẹ̀ yóò fi di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láìfọ́. Ilé ìléru tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà ṣì wà ní Abbeydale, ní apá gúúsù ìlú yín, àkójọ irinṣẹ́ àti ọ̀bẹ tí Ken Hawley kó jọ sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kelham Island. Mo fẹ́ kí o lọ sí ibi méjèèjì kí o tó tún ná kọ́bọ̀ kan. Ojú tí ó bá ti rí ojúlówó púpọ̀ kì í tètè ṣìnà lọ́jà. Àwọn tí ń ki Ògún nílé pàápàá kì í gbàgbé onígbàjámọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí náà má ṣe rò pé bàbá rẹ ń fojú kékeré wo abẹ.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni ìkánjú. O kọ̀wé pé bí o kò bá rà á lónìí, ẹlòmíràn yóò rà á, kò sì ní sí mọ́. Àkànní, kò rí bẹ́ẹ̀. Sheffield àti Solingen ní Jámánì rọ abẹ lọ́pọ̀ yanturu fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì kó wọn lọ káàkiri ayé. Nígbà tí ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ King Gillette gba ìwé ẹ̀tọ́ sórí abẹ pẹlẹbẹ rẹ̀ ní ọdún 1904, tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà sì gba irú rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ju abẹ àtijọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Inú dúrọ́ọ̀ wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ wọn ṣì wà di òní olónìí. Nítorí náà, ìlànà kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o dì mú: má ṣe ra òmíràn títí èyí tí o rà kẹ́yìn yóò fi mú débi tí o lè fi fá irùngbọ̀n ara rẹ. Kọ́ bí a ti ń lo òkúta ìpọ́nbẹ, kí o kọ́ bí a ti ń fa ẹnu abẹ lórí awọ, kí o sì máa fi òróró díẹ̀ pa á lára kí o tó gbé e pamọ́. Àwọn àgbà ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Abẹ tí o kò lè tọ́jú, ìpẹtà ni yóò jogún rẹ̀.

Bí àkókò ríra bá tó, ẹnu abẹ ni kí o kọ́kọ́ wò, kì í ṣe èèkù. Bí ẹnu náà bá sán, bó ti wù kí ó kéré tó, dá a padà. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ihò wínníwínní sí ẹ̀bá ẹnu rẹ̀, òkúta kò ní tún un ṣe. Ní ti ọjọ́ orí, òfin Amẹ́ríkà kan ní ọdún 1890 pàṣẹ pé kí a máa kọ orúkọ ìlú tí ọjà ti wá sí i lára, nítorí náà abẹ tí a tẹ “England” tàbí “Germany” sí lára kì í sábà dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun yòówù tí ẹni tí ń tà á ì báà wí.

Ọ̀rọ̀ èèkù eyín erin ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 láti ka òwò eyín erin léèwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí o wà, kì í sì í ṣe ẹni tí ń tà nìkan ni ó kàn, ó kan ẹni tí ń rà pẹ̀lú. Ohun àtijọ́ tí eyín erin inú rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá lè rí ààyè bí wọ́n bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n abẹ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ eyín erin látòkè délẹ̀ kò lè bọ́ sínú ìyẹn. Ìjìyà rẹ̀ lè dé ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Má ṣe fọwọ́ kàn án. Èyí tí ó funfun tí ó sì jọ eyín erin nínú àwòrán rẹ kẹta, mo rò pé sẹ́lúlọ́ìdì, irú ike àtijọ́ kan, ni, nítorí pé ìlà rẹ̀ gún régé jù. Fi ọwọ́ rin ín títí yóò fi gbóná, bí ó bá ń rùn bíi káfúrà, sẹ́lúlọ́ìdì ni lóòótọ́. Ìyẹn kò lòdì sí òfin, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń gbó, ó máa ń tú èéfín tí ń jẹ irin jáde, ó sì máa ń tètè gbiná. Yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù, kí o má sì ṣe dé e mọ́ inú àpótí.

Ohun kan ṣì wà tí ó ju ọ̀rọ̀ owó lọ lójú mi. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí ènìyàn mú ohun ẹlẹ́nu mímú rìn ní gbangba láìní ìdí tí ó yè kooro, àkọsílẹ̀ ìjọba wọn fúnra wọn sì fi hàn pé àwọn ọlọ́pàá ń dá ènìyàn dúdú dúró yẹ ara rẹ̀ wò ju aláwọ̀ funfun lọ, bí a bá fi wé iye wọn láwùjọ. Bí o bá ra abẹ lọ́jà, jẹ́ kí wọ́n dì í pinpin, gba rìsíìtì, kí o sì gba ilé lọ tààrà. Má ṣe fi í sápò lọ fi han ọ̀rẹ́. Nínú ilé, kí àpótí wọn ní kọ́kọ́rọ́, nítorí pé ọmọ wa ti ń rìn. Owó ilé àti owó oúnjẹ ni kí o sì kọ́kọ́ san lóṣooṣù, kí ìyàwó rẹ sì mọ iye tí ó kù tí o fẹ́ ná.

Bí ẹ bá ń bọ̀ nílé ní oṣù Kejìlá, mú ọ̀kan tí o bá ti fọwọ́ ara rẹ pọ́n wá fún mi kí n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n inú ẹrù tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú ni kí o kó o sí, má ṣe kó o sínú báàgì ọwọ́. Ìyá rẹ ní kí n kí yín, ó sì ní kí ẹ má gbàgbé oògùn ojú òun.

Èmi ni,
Bàbá rẹ