Ìkéde fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń lo ẹ̀rọ tó ń yọ oògùn

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti apòògùn wa ní ilé ìtọ́jú arúgbó àti ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ilé oògùn tó bá gbé oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ sínú ẹ̀rọ ní ilé ìtọ́jú arúgbó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀ fún ilé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ DEA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá jí irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ tètè sọ fún ilé oògùn, torí ọjọ́ iṣẹ́ kan péré ni òfin fún wọn láti kọ̀wé sí DEA.

Yíyọ oògùn kí apòògùn tó yẹ̀ ẹ́ wò ló ń bà wá lẹ́rù jù. Ní ilé ìwòsàn kan ní Nashville lọ́dún 2017, nọ́ọ̀sì tó ń wá Versed, oògùn tó ń mú ara aláìsàn balẹ̀, tẹ "VE" sínú ẹ̀rọ. Vecuronium, tó ń rọ iṣan ara, ló mú, aláìsàn sì kú. Ẹ ní kí wọ́n ṣètò ẹ̀rọ yín kó máa béèrè lẹ́tà márùn-ún nínú orúkọ oògùn, ó kéré tán. Kí ẹ sì ka ara ìgò.

Bí ẹ bá ń ka iye oògùn tó kù nínú ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ má fi iye tó yẹ kó kù hàn. Ẹni tó bá ti rí i, iye yẹn náà ni yóò kàn tẹ̀.

Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó gbé oògùn mì. Ẹ fún ẹlẹ́wọ̀n tó gba oògùn lómi, kó lanu, kó gbé ahọ́n sókè, kí ẹ wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.