Yàrá méjì ti gba páànù

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ohun tí mo kà lánàá ni kò jẹ́ kí n sùn.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ń ka Things Fall Apart ti Chinua Achebe, ìwé 1958 tó o yá lọ́wọ́ mi tí o ò dá padà dòní. Nígbà yẹn, ìjàkadì ló ń dùn mọ́ wa. Ilé ni mo wá ń rí níbẹ̀ báyìí. Rántí agbo ilé Okonkwo, ọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí: ògiri amọ̀ pupa tó nípọn, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, ilé tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní obi sì wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà gan-an. Ta ni yóò dé ọ̀dọ̀ ìyàwó àtọmọ láì kọjá níwájú baálé? Ògiri yẹn ti ròyìn ọkùnrin náà tán. Nígbà tí ìbọn rẹ̀ ṣèèṣì pa ọmọ Ezeudu, àgbà ìlú kan, wọ́n wó ògiri náà palẹ̀, òun náà sì lọ sí ìgbèkùn. Ìparí ìwé ló wá dùn mí jù: ihò róbótó kan wà lára ògiri, adìẹ nìkan ló lè gbà á. Inú igbó ẹ̀yìn ihò yẹn ni Okonkwo so ara rẹ̀ sí.

Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san. Wọ́n ti kọ́ ilé epo sí pápá bọ́ọ̀lù wa.

Nígbà tí Okonkwo ń múra àtibọ̀ láti ìgbèkùn ọdún méje, ó fowó ránṣẹ́ sí Obierika ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun kọ́ ilé kékeré méjì. Kò fi obi àti ògiri rán an. Ọkùnrin máa ń kọ́ ìyẹn fúnra rẹ̀ ni, tàbí kó jogún rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi, nínú ilé tí mò ń bá ọ kọ́, yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ti gba páànù. Ilé ńlá ló kù. Bíríkìlà kan èèkàn lọ́jọ́ Sátidé, ó ta okùn, ó ní ibo ni kí pálọ̀ kọjú sí. Mo ní ojú títì. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó rántí pé ìdí igi àgbálùmọ̀ Bàbá lo máa ń sọ. Mo sáré padà lọ tú okùn náà.

Ọdún kọkànlá rèé tó o ti lọ. Màmá ò béèrè ọjọ́ tó o máa dé mọ́, iye búlọ́ọ̀kù tó kù ni wọ́n ń béèrè. Jọ̀ọ́, wá fi ọwọ́ ara rẹ kan èèkàn yìí. Ọ̀sẹ̀ méjì tó. Owó rẹ wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní fọwọ́ kàn án kó o tó dé.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.