Sí Ìyá Ìbejì, lórí jẹjẹrẹ tó padà wá

Ìyá Ìbejì mi,

Lẹ́tà rẹ dé lánàá. Mo kà á tán, mo gbé e sílẹ̀, mo tún mú un. O ní oṣù 16 lẹ́yìn tí wọ́n gé jẹjẹrẹ kúrò lára ẹ̀dọ̀ Bàbá Ìbejì, àwọn dókítà tún rí kókó méjì, o wá ń bi mí bóyá oúnjẹ tí ò ń sè ló fà á. Rárá o! Nínú ènìyàn 10 tí wọ́n bá gé e fún, ó lè tó 7 tí jẹjẹrẹ máa ń padà sí lára láàárín ọdún 5. Tí kò bá tíì pé ọdún 2, irúgbìn tí ti àkọ́kọ́ ti fọ́n kalẹ̀ kí abẹ tó dé ló sábà máa ń hù.

Nígbà tí irú rẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, oògùn tó lágbára jù ni mo ń béèrè kiri. Dókítà wọn ní kí n kọ́kọ́ béèrè bí ẹ̀dọ̀ tó ṣẹ́kù ṣe lágbára sí, pé ẹ̀dọ̀ yẹn ni yóò sọ ìtọ́jú tí ara lè gbà. Tiwọn kò tó sẹ̀ntímítà 3, abẹ́rẹ́ gígùn ni wọ́n tì gba awọ ara wọ inú kókó náà, wọ́n fi ooru jó o. Ọjọ́ kejì ni wọ́n délé.

Wọ́n tún lè gé e lẹ́ẹ̀kejì bí ẹ̀dọ̀ tó kù bá tó. Ti pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀, tètè béèrè, má dúró kí wọ́n dá a sọ. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni kókó kan tí kò ju sẹ̀ntímítà 5, tàbí méjì sí mẹ́ta tí ìkọ̀ọ̀kan kò ju 3 lọ, tí kò sì tíì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gba inú iṣan lọ da oògùn sí i, kí wọ́n sì dí ọ̀nà tó gbà ń jẹun. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ti ọkàn wá ni jẹjẹrẹ ń mu. Àmọ́ ẹ̀dọ̀ ń rí púpọ̀ ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gbà láti ọ̀nà ìfun, nítorí náà jẹjẹrẹ ni ebi ń pa, ẹ̀dọ̀ ṣì ń jẹun. Ọgbọ́n yẹn dùn mọ́ mi o.

Tó bá ti jáde nínú ẹ̀dọ̀, ó di oògùn tó ń la gbogbo ara já: hóró bíi sorafenib tàbí lenvatinib, tàbí atezolizumab pẹ̀lú bevacizumab tí wọ́n ń fà sí iṣan lọ́sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Bevacizumab lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ya, nítorí náà kí wọ́n kọ́kọ́ ti kámẹ́rà gba ọ̀fun wo inú wọn.

Oògùn jẹdọ̀jẹdọ̀ B (àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B) tí Bàbá Ìbejì ń lò, wọn kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra wọn. Kọ ìwọ̀n kókó méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá àwọn kí Bàbá Ìbejì, pé àwọn ṣì ń bọ̀ wá kí wọn.

Èmi ni,
Ìyá Àbẹ̀kẹ́